Oúnjẹ Sẹ́ẹ̀lì ní Bẹẹrẹ

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ni Obed Olúwọlé fi kọ́ àwọn ọmọ ní báyólójì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́yìn òkè Mápó, àmọ́ kò dá a lójú pé ẹnì kan gbọ́ ọ rí. Bó bá ti ń ṣàlàyé bí omi ṣe ń gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì wọlé, àwọn tó wà níwájú á máa tòògbé, àwọn tó wà láàárín á máa jẹ gúgúrú, àwọn tó yẹ kó wà lẹ́yìn ò tilẹ̀ sí nínú kíláàsì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe ètò ìdágbére fún un, wọ́n sì fi maikirosikóòpù kan ta á lọ́rẹ, ìyẹn awò tí í sọ ohun tí ojú lásán ò lè rí di ńlá. Orí rẹ̀ wú, àfìgbà tó gbé e délé tó rí i pé ọ̀kan nínú ojú awò náà ti là, àti pé ẹnì kan ti fi gègé pupa kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé kí wọ́n dà á nù.

Ìfẹ̀yìntì kò pa ọkùnrin náà lẹ́nu mọ́. Ó sọ fún ọlọ́kadà kan ní Mọ́lété pé ohun tó ju ìdajì lọ nínú ara ènìyàn, omi ni. Ọlọ́kadà ní àwọn ti gbọ́, kí bàbá jọ̀wọ́ sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó dúró ti àlùfáà ìjọ wọn lẹ́yìn ìsìn, ó ṣàlàyé fún un pé èròjà tó di èédú nínú igi ìdáná náà ló wà nínú ẹran ara àwa ọmọ ènìyàn. Àlùfáà dì í lọ́wọ́ mú, ó ní òun á máa fi í sí àdúrà. Bertha ìyàwó rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀, ló wá gbà á nímọ̀ràn. Ó ní, "Bàbá Purity, ẹ wá àwọn tó jókòó ná, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Àwọn tó jókòó náà sì wá a wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ funfun kan dúró níwájú ilé, obìnrin kan tó múra bí ọ̀gá báńkì sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ olówó ńlá tó wọ̀. Fọláyẹmí ni, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́. Obed rántí rẹ̀ dáadáa. Òun ló ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ìdánwò tó fi fèrèsé méjì àti ilẹ̀kùn kan sí i.

Fọláyẹmí ní òun ti gba ṣọ́ọ̀bù sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹẹrẹ, òun ń ta Sẹ́ẹ̀lì-Dọ̀tun. Páúdà ni, inú àpò aláwọ̀ wúrà ló wà. Ẹni tó bá ń pò ó mu láàárọ̀ àti lálẹ́, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó lára rẹ̀ á di tuntun. Ó bẹ Obed pé kó má ṣe pè é ní àgúnmu, nítorí àwọn tó ń ta àgúnmu kò níwèé. Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ni. Ohun tó kù tí òun nílò ni ẹni tó mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì jẹ́, tí á máa ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn oníbàárà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Obed béèrè pé kí ló wà nínú páúdà náà. Fọláyẹmí ní àṣírí ilé iṣẹ́ ni. Obed fa ojú ro. Ó ní òun ò lè fẹnu òun sí ohun tí òun ò mọ̀. Fọláyẹmí ní ó yé òun, ó dìde, ó sì ti fẹ́ẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ nígbà tí Obed bi í pé àwọn oníbàárà náà, àwọn mélòó ni wọ́n máa ń wá.

"Wọ́n tó ọgọ́ta, sà."

"Ṣé wọ́n máa ń jókòó?"

"Wọ́n ń jókòó, sà. Wọ́n tún ń mú bíírò dání."

Obed ní kó dúró kí òun mú fìlà òun.

Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, pósítà ti wà lára ògiri láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, wọ́n sì pè é ní Dọ́kítà Obed nínú rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe dọ́kítà. Fọláyẹmí ní ẹni tó tẹ pósítà ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù funfun gígùn kan. Ó wọ̀ ọ́ pé kó kàn wò bóyá ó bá òun mu, ó bá a mu, kò sì bọ́ ọ mọ́.

Ká má purọ́, ọkùnrin náà kọ́ wọn dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, ó dé orí iyọ̀, ó dé orí òróró, ó ṣàlàyé èyí tó ń jẹ́ purotéènì, tó wà nínú ẹ̀wà, nínú ẹyin àti nínú ẹran. Ó ní àwọn èròjà wọ̀nyí ni Ọlọ́run fi mọ gbogbo ohun abẹ̀mí, àti ènìyàn, àti ewúrẹ́, àti ewé tó wà lẹ́nu ewúrẹ́. Nígbà tó dé orí sẹ́ẹ̀lì, ó ní kí wọ́n wo agboolé kan ní Bẹyẹrúnkà. Ó ní odi tó yí i ká, ó ní ẹnu ọ̀nà tí kì í gba gbogbo àlejò, mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé, wà láàárín, tó mọ ìtàn ìdílé láti ìpìlẹ̀, ibi ìdáná wà, ààtàn náà sì wà. Ó ní ara ẹnì kan ṣoṣo, agboolé bẹ́ẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ju gbogbo ilé tó wà ní Ìbàdàn lọ lọ́nà tí ẹnu ò lè kà. Àwọn àgbàlagbà mi orí, bíírò ń lọ lórí ìwé. Obìnrin kan sunkún díẹ̀. Obed ò rí irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Fọláyẹmí á jẹ́ kó parí. Kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Á wá dìde, á fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ gbólóhùn kan péré, bíi pé mọ́gàjí tó wà nínú yín ti ń darúgbó, ta ni yóò bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà àpò aláwọ̀ wúrà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Obed kíyè sí i pé gbogbo òtítọ́ tí òun ń sọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbólóhùn kan yẹn máa ń gùn. Ó kíyè sí i, àmọ́ kò gbé e sọ́kàn. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí òun fẹnu òun sọ kò ní irọ́ kankan nínú, ohun tí ẹlòmíràn bá fi kún un, onítọ̀hún ló ni ín. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, "ìwọ Fọláyẹmí" ló ń pe obìnrin náà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti di "ẹ̀yin Màdáámù." Bertha gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀ bó ṣe máa ń wo aláboyún tó bá parọ́ ọjọ́ orí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Àlàájà Sẹ̀gilọlá wá. Ọlọ́ṣẹ dúdú ni, láti agboolé kan ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ló ń ṣe. Eékún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Hikmat ọmọ rẹ̀ ló ra àpò kan fún un, ìyá náà sì ní òun ò ní fi ohun tí òun ò mọ ìdí rẹ̀ sẹ́nu, àfi kí òun lọ gbọ́ látẹnu dọ́kítà. Ó jókòó síwájú, kò mú bíírò wá, ó káwọ́ lẹ́rán títí Obed fi ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe ń dà. Nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa ń béèrè ò ju pé síbí mélòó ni kí àwọn máa pò, Sẹ̀gilọlá dìde.

"Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ ní oúnjẹ tí a bá jẹ, ikùn á kọ́kọ́ tú u sí wẹ́wẹ́ kó tó lè wọ ẹ̀jẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì."

Obed ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Páúdà yìí ńkọ́? Ṣé ikùn máa tú òun náà ni, àbí ó máa kí i pé kó kọjá?"

Obed la ẹnu. Ìdáhùn wà níbẹ̀, ó wà ní etí ahọ́n rẹ̀ gan-an: ikùn máa tú u, bó ṣe ń tú ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, kò sì sí sẹ́ẹ̀lì kankan tó máa mọ̀ pé inú àpò aláwọ̀ wúrà ló ti wá. Ó wo Sẹ̀gilọlá, ó wo ọgọ́ta ènìyàn tó gbé bíírò sókè dè é. Ó pa ẹnu dé.

Fọláyẹmí ló dáhùn. Ó ní páúdà náà gbọ́n, òyìnbó ti kọ́ ọ lọ́nà, ó mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sẹ̀gilọlá jókòó, kò pàtẹ́wọ́, ojú Tíṣà ló ń wò.

Obed ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Bertha. Ó ní láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò sí ọmọ kan tó bi òun ní ìbéèrè tó dára tó bẹ́ẹ̀.

"Kí lẹ wá fi dá a lóhùn?"

"Mi ò dá a lóhùn."

Bertha gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí kẹ́míìsì kan ní Mọ́lété, ó ra ìgò áyódíìnì kékeré, oògùn pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n máa ń kán sí ojú egbò. Ohun tó fẹ́ ṣe wà nínú báyólójì ọdún àkọ́kọ́. Tí áyódíìnì bá kan sítáàṣì, ìyẹn èròjà tó kún inú ògì, iṣu àti gbágùúdá, kíá ló máa di dúdú bí aró. Ó bu páúdà náà sínú àwo, ó pò ó, ó kán áyódíìnì sí i. Ó di aró. Ó fọ àwo, ó tún un ṣe. Ó tún di aró. Ó gbé díẹ̀ sábẹ́ maikirosikóòpù, ó fi ojú awò tí kò là wò ó, ó sì rí àwọn hóró kéékèèké tó jọ ti àgbàdo lọ súà. Wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n fi òórùn dídùn kan sí i, ìyẹn náà ni gbogbo àṣírí ilé iṣẹ́.

Ó pinnu pé òun máa fi han gbogbo wọn. Bertha bi í pé kí ló dé tí kò kúkú sọ ọ́ fún wọn tààrà. Obed ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni ènìyàn máa ń jiyàn sí, kò sẹ́ni tó ń bá ojú ara rẹ̀ jiyàn.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé ife gíláàsì kan sórí tábìlì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó já àpò tuntun lójú gbogbo ènìyàn, ó pò ó. Fọláyẹmí ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ara ẹ̀kọ́ ni. Obed gbé ìgò sókè, ó kán ẹ̀kán mẹ́ta sí i. Ohun tó wà nínú ife, tó funfun bí omi ògì, dúdú kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Gbogbo yàrá hó yee. Obed gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Sítáàṣì lẹ ń wò yẹn. Sítáàṣì lásán ni."

Kò rí ọ̀rọ̀ náà parí. Fọláyẹmí ti dìde. Ó ní wọ́n ti fojú ara wọn rí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni Sẹ́ẹ̀lì-Dọ̀tun ṣe ń fa ìdọ̀tí jáde lára sẹ́ẹ̀lì, funfun ló wọlé, dúdú ló jáde, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí òun ti ń wá ẹni tó lè fi í han aráyé. Àtẹ́wọ́ bẹ́ sílẹ̀. Obed ń pariwo sítáàṣì, sítáàṣì, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dún bí ohun olówó iyebíye létí wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ní èyí tó ní sítáàṣì yẹn ni kí wọ́n tà fún àwọn. Kò tó wákàtí kan, páúdà tán pátá. Àwọn kan forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, pósítà tuntun ti wà lára ògiri. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí abẹ́ àwòrán Dọ́kítà Obed pé: Ó NÍ SÍTÁÀṢÌ NÍNÚ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jáde nílé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bọ́ ẹ̀wù funfun náà sílẹ̀, ó wọ dàńṣíkí, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ilé Sẹ̀gilọlá ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Ó bá a ní abà ẹ̀yìnkùlé, ó ń ro ọṣẹ nínú ìkòkò ńlá, òórùn àdín àti eérú èèpo kòkó gba gbogbo ibẹ̀ kan. Obed dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí ìyá náà jù ú lọ, ó ní ìbéèrè tó béèrè lọ́jọ́sí, òun wá dáhùn rẹ̀. Ó ní ikùn máa tú u. Ó sọ ohun tó wà nínú páúdà náà, ó sọ ohun tí òun ṣe àti bó ṣe dojú rú.

Sẹ̀gilọlá kò bú u. Ó ní kó gbé ìgò náà wá. Ó ní kí Hikmat bu ògì wá, kó bu láfún, kó bu èlùbọ́, kó sì bu páúdà tí wọn ò tíì já mu. Obed kán áyódíìnì sí gbogbo wọn, gbogbo wọn di aró. Obed rò pé ó ti parí nìyẹn, àmọ́ ìyá náà ò tíì gbà.

"Ó lè jẹ́ pé gbogbo nǹkan ló máa ń sọ di dúdú," ó ní. "Ẹ kán an sí iyọ̀."

Wọ́n kán an sí iyọ̀. Kò dúdú. Wọ́n kán an sí àdín, wọ́n kán an sí omi kànga, kò dúdú. Ìgbà yẹn ni Sẹ̀gilọlá tó mi orí. Obed dúró níbẹ̀, ó ń wo obìnrin tí kò wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì rí láyé rẹ̀, ó sì ń rántí pé òun kò rántí iyọ̀ nílé òun, bẹ́ẹ̀ ni òun kò rántí rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà gba ìgò lọ sí Ọjà'ba, sí ìsọ̀ ọṣẹ rẹ̀. Kò ṣe ìwàásù. Ó to àwo pẹlẹbẹ márùn-ún sórí ọpọ́n, ó bu omi ògì sí ọ̀kan, ó bu láfún, ó bu èlùbọ́, ó bu páúdà, ó bu iyọ̀ sí ìkarùn-ún. Ó kán oògùn pupa sí wọn lójú àwọn oníbàárà. Mẹ́rin di dúdú. Ó yí ọpọ́n náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Èwo ni ti Fọláyẹmí níbẹ̀?"

Wọ́n wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn, àmọ́ òórùn oògùn pupa ti bo gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ní èyí, ọ̀kan ní tọ̀hún, ọkùnrin kan tó ti ra àpò mẹ́fà fún ìyá rẹ̀ nàka sí ti láfún. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá sọ fún un pé láfún ni, ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjà. Bí ó ṣe ń ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, tó ń ta ọṣẹ rẹ̀ láàárín. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rín náà ti gun òkè dé Mápó, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé Bẹyẹrúnkà. Àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ṣé ìwọ náà ra ògì aláwọ̀ wúrà.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bẹẹrẹ dá páropáro. Kò sẹ́ni tó mú Fọláyẹmí, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan. Ó wá kí Obed kó tó kó ẹrù rẹ̀, ó tún kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ní òun ti gba ṣọ́ọ̀bù sí ìlú mìíràn, ẹ̀gbà ọrùn ọwọ́ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ bọ̀ sípò ni òun máa tà níbẹ̀. Obed bi í bóyá ó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé sítáàṣì ni.

"Sà, ta ni kó sọ fún mi? Ẹ̀yin lẹ mọ báyólójì."

Ó fi àpò méjì sílẹ̀ fún Bertha kó tó lọ. Bertha fi ro ẹ̀kọ. Ó ní ó dùn, àfi pé ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun tó wá ń dun Obed ni pé ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn ènìyàn tó bó ṣe rò. Àwọn ológì Ọjà'ba ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó pé ògì àwọn ń tún sẹ́ẹ̀lì ṣe, ó sì ń dúdú. Iye tí wọ́n ń tà á ti gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀. Ó fẹ́ lọ bá wọn wí, ó tilẹ̀ ti dé ẹnu ọjà. Sẹ̀gilọlá ló dá a dúró. Ó ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ẹni tó bá tìtorí sẹ́ẹ̀lì mu ògì, ó kéré tán, ó ti jẹun àárọ̀.

Àmọ́ ìyá náà ní òun fẹ́ rí sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ìjà yìí dá lé. Ó ní gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ti rí i. Ni Obed bá gbé maikirosikóòpù lọ sí Ìdí Arẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ Sátidé kan. Obìnrin mẹ́rin ló wà lábẹ́ abà ọṣẹ, Hikmat ni ìkarùn-ún. Obed fi ẹfun ya sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà sára pátákó kan bó ṣe máa ń yà á látẹ̀yìnwá: róbótó, pẹ̀lú mọ́gàjí rẹ̀ láàárín gbùngbùn. Lẹ́yìn náà, ó ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà, ó kán áyódíìnì sí i, ó fi gíláàsì bò ó, ó yí awò náà sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé.

Sẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ wò. Ó tẹ̀ síwájú, ó di ojú kan. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Nígbà tó gbé orí sókè, ó wo pátákó, ó tún padà wo inú awò.

"Tíṣà, èyí tẹ́ ẹ yà kọ́ ló wà níbí. Wọn ò rí róbótó. Gbọọrọ ni wọ́n rí, wọ́n tò bí búlọ́ọ̀kù. Mọ́gàjí wọn ò sì jókòó láàárín, ẹ̀bá ògiri ló wà."

Obed ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Sẹ̀gilọlá yẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Wọ́n gùn gbọọrọ lóòótọ́, ìlà lórí ìlà, mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀yìn ti ògiri bí àgbàlagbà tó ń gba afẹ́fẹ́. Ó wò wọ́n títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò lára awò náà. Lẹ́yìn náà ó mú àkísà, ó nu pátákó, ó sì na ẹfun sí ìyá ọlọ́ṣẹ.

"Ẹ yà á bẹ́ ẹ ṣe rí i," ó ní.

Sẹ̀gilọlá nu ọwọ́ tí ọṣẹ wà sára ìró rẹ̀, ó gba ẹfun náà.